Ìgò Méje Inú Firíìjì Ìyá Oyèkúnlé

Kí n tó jókòó dáadáa, ta ló lè sọ fún mi nínú yín, ohun tó bí òwe tí àwọn àgbà ń pa pé: “Ohun tí a fi pamọ́ de àlejò, ọjọ́ ní í jẹ ẹ́”? Ẹ dákẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ tó o nawọ́ sókè yẹn, sọ ọwọ́ ẹ kalẹ̀, irọ́ lo fẹ́ pa. Gbogbo yín lẹ ń fi òwe yìí ṣẹnu, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń wo ẹran inú ìkòkò onílé, àmọ́ ẹ ò mọ ojú tó sunkún àti ikùn tó ké kí òwe náà tó dáyé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an, kí ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ìyá kan wà ní ìlú kan báyìí lẹ́bàá Ìkìrun, Àyọ̀ká lorúkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó dúró fún un ń jẹ́ Oyèkúnlé, nítorí náà Ìyá Oyèkúnlé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ igi ìyeyè. Láràárọ̀ ni Àyọ̀ká máa ń gbá orí sàréè náà, tí yóò sì máa ròyìn ìlú fún olóògbé, ẹni tó kí òun lánàá àti ẹni tó rí òun tó ṣe bí ẹni pé kò rí òun. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Ojú rẹ̀ ṣì dá ṣáká, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń bá a ṣe ọ̀tẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Oyèkúnlé ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Ìgbà tó wá sin bàbá rẹ̀ ló wálé kẹ́yìn. Lọ́dọọdún ni yóò pè pé, “Màmá, ọdún yìí ni mo ń bọ̀.” Àyọ̀ká á kun ilé, á sá ibùsùn, á tọ́jú àkùkọ kan sọ́tọ̀. Tó bá di pé ọdún ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, foonù á tún dún: “Màmá, iṣẹ́ ò jẹ́ o. Àmọ́ mo fi nǹkan rán ẹnì kan sí yín.” Ohun tó máa ń fi ránṣẹ́ ni ìgò, àwọn ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tí wọ́n ń kó oúnjẹ òyìnbó sí. Ọdún kìíní, jáàmù pupa. Ọdún kejì, jáàmù aláwọ̀ ọsàn. Ọdún kẹta, ohun funfun kan tó ki bí ògì, máyọ̀nésì ni wọ́n ń pè é. Ọdún kẹrin, kùkúńbà kéékèèké tí wọ́n rì sínú ọtí kíkan. Ẹ fọkàn bá mi kà á lọ, ọdún méje ni, ìgò méje.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ firíìjì. Pálọ̀ ni firíìjì Àyọ̀ká wà. Ta ló ń gbé firíìjì sí ilé ìdáná? Níbo ni àlejò yóò ti rí i? Ó fi aṣọ funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun bò ó lórí, ó gbé òdòdó rọ́bà lé e, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà ní etí ìró rẹ̀ tó so ní kókó. Àyọ̀ká ní ìgbàgbọ́ kan nípa firíìjì yìí tí kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, pé ohunkóhun tó bá ti wọ inú rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ dúró síbẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ kì í wọ ibi tó bá tutù. Bí iná bá sì lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò dààmú, á kó àwọn ìgò náà jáde, á rì wọ́n sínú iyanrìn tútù nídìí àmù omi, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù, iná máa dé.

Àṣìṣe tó wá bá gbogbo rẹ̀ jẹ́ nìyí, kì í ṣe àṣìṣe olójúkòkòrò, àṣìṣe ọmọlúàbí ni. Nílé tí wọ́n ti bí Àyọ̀ká, wọn kì í ṣàdúrà sórí ẹ̀bùn oúnjẹ tí wọn ò tọ́ wò. Wọ́n ní àdúrà ẹnu gbígbẹ kì í gba ojú ọ̀run wọlé. Nítorí náà, bí ìgò kọ̀ọ̀kan bá ti dé, á ṣí i, á fi ṣíbí tíì bù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á fi sẹ́nu, á ṣàdúrà fún Oyèkúnlé títí ojú rẹ̀ á fi kún fún omi. Lẹ́yìn náà á dé ìgò, á fi aṣọ nù ún, á tì í mọ́ inú firíìjì. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Kò sí ìgò kan nínú méjèèje tí kò tíì ṣí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ìyá Mùfútáù máa ń jókòó tì í nígbà àdúrà yìí. Òdìkejì títì ni ilé tirẹ̀ wà, òun ló ni ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò. Ogójì ọdún tó ti ń bá ariwo ẹ̀rọ du ọ̀rọ̀ ti sọ ohùn rẹ̀ di ohùn ẹni tó ń pe ènìyàn lóko. Òun ni wọ́n máa ń fún ní ṣíbí náà lá lẹ́yìn àdúrà.

“Ó kù o,” Ìyá Mùfútáù á wí, ojú rẹ̀ á sì wà lára ìgò.

“Ti àlejò ni.”

“Àlejò wo?”

“Àlejò tó bá tó o.”

“Èmi ńkọ́? Ṣé n ò rìn wá láti òdìkejì títì ni?”

“Ìwọ? Ìwọ tí a jọ fi ọwọ́ gbo àwo iyán láti ìgbà ọmọge? Bí ìwọ bá di àlejò, ta ló wá ń jẹ́ ará ilé?”

Ìyá Mùfútáù á rẹ́rìn-ín, á lá ṣíbí náà lẹ́ẹ̀kejì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́.

Àlejò wá o. Kí a má parọ́ mọ́ Àyọ̀ká, àlejò wá dáadáa. Kàtíkíìsì ìjọ wọn wá, ó fi ẹ̀pà ṣe é lálejò. Àna rẹ̀ wá láti Ẹ̀rìn, bisikíìtì ló gbé fún un. Olóyè kan wá pẹ̀lú ọ̀pá oyè rẹ̀, Àyọ̀ká sì tú kókó etí ìró rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó mú kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì pálọ̀ kó tó wolẹ̀, tó rí i pé ẹ̀yìn bàtà olóyè ti tẹ̀. Ó so kọ́kọ́rọ́ náà padà. Omi tútù ni olóyè mu lọ sílé.

Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Oyèkúnlé á pè. “Màmá, ṣé ẹ ń jẹ ohun tí mo fi ránṣẹ́?”

“Ó dùn bí oyin, Àlàó ọmọ mi!” Oríkì rẹ̀ ló fi ń pè é. Àyọ̀ká ò parọ́, àbí ó parọ́? Ó tọ́ ọ wò, ó sì dùn. Inú Oyèkúnlé á dùn, á ra òmíràn.

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí di òjò tó tẹ̀ lé ìgò keje, tí Àyọ̀ká yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Kò fọ́, kò dá, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nìkan ló bó. Àmọ́ ìlú ò ní ilẹ̀kùn, ẹnìkan ti pe Oyèkúnlé kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ohùn Oyèkúnlé yàtọ̀.

“Màmá, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti gba ilé fún yín ní Èkó, òkè kẹta, atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀. Ẹnìkan á máa tọ́jú yín.”

“Èkó? Òkè kẹta?” Àyọ̀ká dìde dúró láìmọ̀ pé òun dìde. “Ta ni á máa gbá sàréè bàbá ẹ?”

“Màmá, ẹ ò lè dá tọ́jú ara yín mọ́.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Kò burú. Bí mo bá dé tí mo fojú ara mi rí i pé ẹ lè ṣe é, a ó tún ọ̀rọ̀ sọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a jọ ń lọ ni.”

Àyọ̀ká gbé foonù kalẹ̀, ó sì sunkún. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti gbé inú ilé kan fún àádọ́ta ọdún, tó mọ ibi tí òjò ti ń jò, tó mọ ohùn adìẹ aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wá gbé e lọ sí òkè kẹta kó máa wo òrùlé àwọn tí kò mọ̀. Ó sọ fún Ìyá Mùfútáù pé tí wọ́n bá gbé òun kúrò níbẹ̀, òun ò ní pẹ́ kú, òkú náà á sì jìnnà sí ti ọkọ òun.

“O ò lọ ibì kankan,” ni Ìyá Mùfútáù wí, ó sì fọnmú. “Kí la máa fi hàn án tó máa fi gbà?”

Àyọ̀ká nu ojú rẹ̀. Ó wo firíìjì. Ó ní, “Tábìlì. Mo máa tẹ́ tábìlì fún un tí á fi mọ̀ pé ilé yìí ṣì ní ìyá. Àlejò tó tó ti ń bọ̀.”

Oyèkúnlé dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun báláú àti àpótí kan. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, Àyọ̀ká sì gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń kì í, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọmọ náà ló rí i pé irun orí ọmọ òun ti funfun níwájú. Ó fẹ́ béèrè pé ìgbà wo, ó sì pa á mọ́ra.

Bí Oyèkúnlé ṣe mu omi tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé kiri bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ó fọwọ́ ti fèrèsé wò. Ó lọ wo àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó mi orí. Àyọ̀ká rí mímì orí yẹn láti inú pálọ̀, ó sì sáré tú kókó etí ìró rẹ̀.

Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ó gé búrẹ́dì sínú abọ́ tánganran. Ó kó ìgò méjèèje jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ kọrin. Ìyá Mùfútáù ti jókòó ní tirẹ̀, ó wẹ̀, ó lé tìróò, ó mú ṣíbí tirẹ̀ láti ilé wá.

“Jókòó, Àlàó,” ni Àyọ̀ká wí. “Wá wo bí ìyá rẹ ṣe ń gbé.”

Ìgò jáàmù pupa, àgbà gbogbo wọn, ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ ṣí. Ìdérí kọ̀. Àyọ̀ká gbìyànjú, Oyèkúnlé gbìyànjú, ó kọ̀. Ìyá Mùfútáù gbà á lọ́wọ́ wọn, apá tó ti ń fa ẹ̀rọ ìlọta fún ogójì ọdún ló fi yí i lẹ́ẹ̀kan. Gbàù! Ìdérí fò, ó kan àjà, ó padà wá gbá àwòrán olóògbé tó wà lára ògiri, àwòrán náà yípo lórí ìṣó rẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Gbogbo wọn gbójú sókè wò ó.

“Bàbá Oyèkúnlé ti kọ ẹ̀yìn sí wa,” ni Ìyá Mùfútáù wí.

Wọ́n wo inú ìgò. Jáàmù ti hu irùngbọ̀n. Irùngbọ̀n funfun, tó pọ̀, tó rọ̀, irú èyí tí ènìyàn fi ń jẹ olóyè. Àyọ̀ká ranjú mọ́ ọn, ó tún wo orí ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yára mú ṣíbí.

“Òkè nìkan ni,” ló wí. “Ìsàlẹ̀ mọ́ tónítóní.” Ó fi ṣíbí kó irùngbọ̀n náà, ó dà á gba ojú fèrèsé. Àkùkọ tí wọ́n tọ́jú de Oyèkúnlé sáré wá síbẹ̀, ó na ọrùn, ó wò ó, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sì rọra yí padà lọ.

“Ha!” ni Ìyá Mùfútáù ké. “Àkùkọ tó ń jẹ ìgbẹ́ ajá!”

Oyèkúnlé ti gbé ìgò náà sún mọ́ ojú rẹ̀, ó ń ka ìwé kéékèèké tó wà lẹ́yìn rẹ̀. “Màmá, wọ́n ní bí a bá ti ṣí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ní.”

“Lórí tábìlì nìyẹn. Inú firíìjì ni tèmi wà.”

“Inú firíìjì ni wọ́n wí, Màmá. Bí ó bá wà nínú firíìjì ló fi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.”

Àyọ̀ká ronú sí i díẹ̀. “Firíìjì ti àwọn òyìnbó nìyẹn,” ló wí. “Tèmi ní kọ́kọ́rọ́.”

Oyèkúnlé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. Ó gbé ìgò kejì, ó wò ó. Ó gbé ìkẹta, ìkẹrin. Nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ojú ibi tí ṣíbí tíì kan ti wọlé ló rí, ibẹ̀ nìkan. Ó mọ ìgò wọ̀nyí. Ó mọ ọdún tó fi ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ irọ́ tó pa nípa iṣẹ́ lọ́dún náà.

“Màmá, ẹ ní ẹ ń jẹ ẹ́. Ẹ ní ó dùn.”

“Ó dùn. Mo fi ìyókù pamọ́ dè ọ́ ni.”

Àyọ̀ká gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ń yí sódì, ó mọ̀ pé òkè kẹta ló ń sún mọ́ òun yìí, kò sì mọ ohun tí òun lè ṣe mọ́ ju kó gbé búrẹ́dì sún mọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ọmọ Yorùbá wo ni ìyá rẹ̀ yóò gbé ohun tó fi pamọ́ fún ọdún méje síwájú rẹ̀, tí yóò la ẹnu pé òun ò jẹ? Oyèkúnlé mú búrẹ́dì. Ó fi jáàmù pa á, ó jẹ ẹ́. Ó rí i pé ojú ìyá òun tan, ó fi ohun funfun yẹn pa òmíràn, ó jẹ ìyẹn náà. Máyọ̀nésì ọlọ́dún márùn-ún! Kó tó ṣíwọ́, ó ti tọ́ mẹ́fà wò nínú ìgò méje. Àyọ̀ká lá díẹ̀ nínú jáàmù. Ìyá Mùfútáù, tí Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀, lọ mú kùkúńbà inú ọtí kíkan, ó jẹ ẹ́ tán, ó mu omi rẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó ní, “Ó kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí tẹ́lẹ̀?” Òun nìkan ni nǹkan kan kò ṣe.

Oòrùn ò tíì yí lórí ìyeyè tí ikùn Oyèkúnlé fi sọ̀rọ̀. Ó dún bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà, tó ń kọ̀, tó ń kọ̀, tó wá mú lójijì. Oyèkúnlé dìde, ó ní kí wọ́n dákun, níbo ni ṣáláńgá wà nísinsìnyí? Ẹ̀yìnkùlé ló wà, lẹ́yìn sàréè bàbá rẹ̀. Ó sáré. Ó dé orí àtẹ̀gùn tó mi orí sí lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fìdí jókòó gbàà! Ó dìde, ó ń tiro, ó ń kọjá lára sàréè, ó ń kígbe pé, “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá, mò ń padà bọ̀ wá kí yín!” Ti ṣòkòtò funfun yẹn, ẹ má bi mí.

Nígbà tó jáde lẹ́ẹ̀kẹta, kò lè rìn mọ́. Àyọ̀ká, ẹni tí ikùn tirẹ̀ náà ń lọ́ díẹ̀, ló lọ fà á dìde lẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá, tó gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, tó gbé e gun àtẹ̀gùn yẹn lọ sórí ẹní. Orúnkún rẹ̀ ké, kò dá a lóhùn. Ìyá Mùfútáù sáré lọ mú nọ́ọ̀sì wá láti ilé ìwòsàn kékeré tó wà lórí òkè.

“Kí ló jẹ?” ni nọ́ọ̀sì béèrè.

“Ọdún méje,” ni Ìyá Mùfútáù dáhùn.

“Mo ní kí ló jẹ, Màmá.”

“Mo gbọ́ ẹ, nọ́ọ̀sì. Ọdún méje ló jẹ.”

Nọ́ọ̀sì rí ìgò lórí tábìlì, ó gbé ọ̀kan gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ kíá. Ó fún un lóògùn, ó ní kí wọ́n máa po omi tó mọ́ pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà fún un, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ìgò wọ̀nyẹn fún adìẹ. Ìyá Mùfútáù ní adìẹ ò nílò ìkìlọ̀.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, Àyọ̀ká ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ń pọn omi, ó ń sè é, ó ń pò ó. Ó ń ro ògì. Ó fọ ṣòkòtò funfun yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sá a. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú lọ, ó di í mú bọ̀, lórí àtẹ̀gùn kan náà, kò sì yọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ kejì ni Ìyá Mùfútáù wá bẹ aláìsàn wò. Ó dúró tì í lórí ẹní, ó gbìyànjú láti rẹ ohùn sílẹ̀, kò mọ̀ ọ́n ṣe.

“Oyèkúnlé ọkọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ká gbé lọ sí òkè kẹta báyìí?”

Oyèkúnlé fi aṣọ ìbora bo ojú.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ ti yá díẹ̀. Ó rọra jáde, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń gbá orí sàréè. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

“Màmá,” ló wá wí, “ẹ ní ti àlejò ni ìgò wọ̀nyẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ sì ní èmi lẹ fi pamọ́ dè. Ṣé èmi ni àlejò nílé yìí?”

Àyọ̀ká dúró, ó fi ọwọ́ ti ìgbálẹ̀. Kò fẹ́ sọ ọ́. Ó ti gbé e mì lọ́dọọdún lórí foonù, pẹ̀lú ṣíbí tíì kan ṣoṣo yẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù nínú rẹ̀, òun náà sì ti kan.

“Àlàó, ẹni tó bá jẹ́ pé ọdún méje ló fi ń ya ilé, kí ni wọ́n ń pè é níbi tó o wà? Èmi ò bínú sí ọ. Mo rò pé bí mo bá ti fi nǹkan pamọ́ dáadáa, bí mo bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kò séwu, o máa bá a bó ṣe wà. Ìwọ náà rò bẹ́ẹ̀ nípa mi. O rò pé ìyá rẹ wà níbi tó tutù, pé ọjọ́ ò ní wọlé tọ̀ ọ́.” Ó nawọ́ sí irun funfun orí ọmọ rẹ̀. “Ọjọ́ ti wọlé, ọmọ mi. Ó jẹ jáàmù. Ó ti mú ìwọ náà tọ́ wò níwájú orí. Èmi ò fẹ́ òkè kẹta. Ìwọ ni mo fẹ́ máa rí, kí ọjọ́ tó jẹ mí tán.”

Oyèkúnlé sunkún. Àgbàlagbà ọkùnrin, lórí àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ìró ìyá rẹ̀ nídìí nítorí pé ṣòkòtò ò tíì gbẹ. Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì gbá ìyókù sàréè náà. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Èkó.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló ṣí àpótí rẹ̀ tí kò tíì ráyè ṣí, ó mú ìgò kan jáde. Ìkẹjọ! Jáàmù pupa, ó ń dán. Ìyá Mùfútáù wo ìgò, ó wo firíìjì, ó mí kanlẹ̀. Ó ti na ọwọ́ sílẹ̀ láti gba ṣíbí tó fẹ́ lá. Àyọ̀ká ṣí ìgò, ó bu ṣíbí tíì kan, ó tọ́ ọ wò, ó ṣàdúrà. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ lọ sí kókó etí ìró rẹ̀, ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì kúrò.

“Búrẹ́dì dà?” ló wí.

Àwọn mẹ́ta ló jẹ ẹ́ ní ìjókòó kan. Ìyá Mùfútáù ń fi ìka nu ìdí ìgò nígbà tí Kàtíkíìsì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wá bẹ aláìsàn wò. “Ẹ wá jẹun o!” ni gbogbo wọn kígbe, bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe. Kàtíkíìsì sì wọlé, ó jókòó, ó wo ìgò òfìfo.

“Ẹ ò dá díẹ̀ sí de àlejò, Ìyá Oyèkúnlé?”

“Kàtíkíìsì, ẹ forí jì mí,” ni Àyọ̀ká wí, ó ń lá ṣíbí. “Ohun tí a fi pamọ́ de àlejò, ọjọ́ ní í jẹ ẹ́. Ẹ bi Oyèkúnlé léèrè bí ẹnu ọjọ́ ṣe ń rí.” Ó gbé ẹ̀pà fún un.

Kàtíkíìsì ló gbé òwe náà dórí àga ìwàásù lọ́jọ́ Àìkú, láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sẹ́nu ayé. Àmọ́ kò sọ nípa ṣòkòtò funfun.

Ọdún yípo. Foonù dún lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. “Màmá,” ni Oyèkúnlé wí, “iṣẹ́ ti pọ̀ díẹ̀ lọ́dún yìí. Bóyá ká sún un di ọdún tó ń bọ̀. Màá fi ìgò kan rán ẹnì kan sí yín.”

Àyọ̀ká ò pariwo, kò sunkún. Ó wo firíìjì rẹ̀ tí kì í tì mọ́, omi tútù àti ata lílọ̀ Ìyá Mùfútáù nìkan ló wà nínú rẹ̀.

“Àlàó,” ló wí, “ohun tí a fi pamọ́ de àlejò ńkọ́?”

Ohùn Oyèkúnlé dà bíi ti ẹni tó ti gbé ọwọ́ lé ikùn.

“Ọjọ́ ní í jẹ ẹ́, Màmá.”

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣòkòtò dúdú ló wọ̀, búrẹ́dì ló sì gbé lọ́wọ́.